Sí Mofẹ́, Nípa Owó Èéfín Ọkọ̀ Òkun àti Àpò Tó Dé Fìlà

Kabong, Jos.

Mofẹ́ mi,

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí nìyí, bí mo ṣe rí wọn tẹ̀ léra wọn.

Àpò irúgbìn pọ̀tétò níwájú ìsọ̀ Mama Nanret, tí wọ́n kọ èdè kan sí lára tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè kà. Páálí ẹja dídì nínú báárò, omi ń kán lára rẹ̀. Ajílẹ̀ òyìnbó nínú àpò funfun. Ìdì òkìríkà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Obìnrin méjì di kóòtù kan náà mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Táyà tí wọ́n tò léra bí àga. Ẹ̀rọ kékeré tí àwọn àgbẹ̀ fi ń fa omi. Oògùn ikọ́ àwọn ọmọdé, nítorí ọyẹ́ ti dé. Páànù. Abẹ́rẹ́ ńlá tí mo fi ń rán ẹnu àpò.

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò gba orí òkun wá. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn tó dúró nítòsí mi ní ọjà Laranto léèrè bóyá wọ́n ti fi ojú rí òkun rí. Awakọ̀ kan ṣoṣo ló ní òun ti rí i. Ó ní omi náà ti pọ̀ jù, kí ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ máa bá a lọ.

Ìbéèrè tí o bi mí lórí fóònù lálẹ́ àná ló gbé mi jáde láti lọ wo nǹkan wọ̀nyí. O ní àwọn tí o ń bá ṣiṣẹ́ fẹ́ kí o bá wọn lọ sí ìpàdé ńlá tí wọ́n ti ń jiyàn lórí owó èéfín ọkọ̀ òkun. O ní ọ̀gá rẹ fẹ́ kí ìwọ gan-an dìde sọ bí owó náà yóò ṣe kan àwọn tó ń gbé níbi tó jìnnà sí omi, pé o sì gbọ́dọ̀ fún un lésì kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Lẹ́yìn náà lo wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Mọ́mì, kí ni ọmọ Jos mọ̀ nípa ọkọ̀ òkun? Wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ ní kí wọ́n fi ẹlòmíràn sí i."

O mọ̀ mí, ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu mi. Mo ní kí o jẹun kí o sùn. Èmi ni n kò sùn. Wọ́n ní ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Ojú tí kò rí òkun rí ńkọ́? Ìdáhùn mi nìyí, màá fi í rán awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Èkó lọ́la. Bí ó bá gùn jù, fi sùúrù kà á. Lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí ọ. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo kà dé, mi ò sì tíì gbé bírò sílẹ̀ tán tí mo fi lóyún rẹ. Títí di òní àwọn kan ní Kabong ṣì ń bi mí pé àbúrò mi tó lọ Èkó ńkọ́. N kì í tún wọn ṣe mọ́. Ohun tí o mọ̀ ti kọjá tèmi, inú mi sì ń dùn sí i, bí ẹni tó dúró nísàlẹ̀ àpáta tó ń wo ọmọ rẹ̀ tó ń gùn ún lọ, tó rántí pé òun lòun kọ́ ọ ní ìrìn. Nígbà tí o ń ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ fún mi, o kò fi gírámà ṣe mí. O sọ ọ́ títí ó fi yé mi. Kì í ṣe gbogbo ọ̀mọ̀wé ló ní sùúrù yẹn.

Wò ó bóyá mo gbọ́ ọ dáadáa. Ọkọ̀ òkun ń jó epo dúdú tó ki, èéfín rẹ̀ ń gòkè lọ, ó sì wà lára ohun tó ń mú ayé gbóná. Àwọn orílẹ̀-èdè wá ń rò ó pé kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan máa san owó bí èéfín rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó, kí ó lè wù ú láti wá epo tó mọ́, kí wọ́n sì fi owó tó bá wọlé ran àwọn tí kò ní lọ́wọ́. Ohun tó dára ni. Èmi tí mo ń ta pọ̀tétò mọ̀ pé òjò kò rọ̀ mọ́ bí ó ṣe ń rọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ń dé nígbà tí kò yẹ. Ewé á dúdú bí ẹni pé iná rà á, àgbẹ̀ á wú ìdí rẹ̀, ìjẹrà ni yóò bá níbẹ̀. Nítorí náà, má ṣe dìde láàárín wọn láti sọ pé kí wọ́n má gba owó èéfín. Ohun tí ẹ ń jiyàn lé, bí o ṣe wí, ni ẹni tí yóò ru ẹrù náà, àti ẹni tí yóò jẹ nínú àpò rẹ̀. Mofẹ́, mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ti ṣe irú ìpín bẹ́ẹ̀ rí, mo sì ṣì í ṣe.

Èkínní. Má ṣe sọ mọ́ pé ọmọ Jos kò mọ nǹkan nípa ọkọ̀ òkun. Ṣé o rántí ọjọ́ tí bàbá mi mú èmi àti ìwọ lọ wo kòtò ńlá tó kún fún omi lẹ́yìn Bukuru? Tíṣà ni Bàbá, láti Èkìtì ni ìjọba ti gbé e wá síbí, kò sì padà sílé mọ́. O di ọwọ́ rẹ̀ mú, o bi í pé ta ló gbẹ́ ihò yìí. Ó ní àwọn tó ń wa kuza ni, irin funfun tí wọ́n fi ń ṣe agolo. O ní níbo ni wọ́n kó o lọ.

Bàbá ní, "Ọkọ̀ ojú irin gbé e dé etí òkun, ọkọ̀ òkun gbé e lọ. Ihò nìkan ni wọn ò lè gbé."

O rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà o wá ní, "Ṣé wọn ò padà wá wò ó ni?"

Nígbà tí a délé, Bàbá sọ fún mi nínú ilé ìdáná pé ìbéèrè ọmọ yìí ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yẹn sínú láti ìgbà náà. Ní ìpàdé yẹn, bi wọ́n ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti ń dáná láti ìdájí kò lè sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáná pé àwa méjèèjì la jọ fi èéfín kún ilé. Sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, má fi bú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n má gbé e mì.

Èkejì ni ti àpò tó dé fìlà. O kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé nígbà náà, o kò lè rántí.

Ẹgbẹ́ wa tó ń kó pọ̀tétò, kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, lọ́rì kan la jọ máa ń háyà. Lọ́rì náà ti gbó. Èéfín rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ọjà, ó sì máa ń kú sójú ọ̀nà tí ẹrù á fi jẹrà. Gbogbo wa fẹnu kò pé kí a fi í sílẹ̀, kí a gba èyí tó sàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ ga. Ọ̀nà tí a ó gbà pín àfikún owó yẹn ni a kò mọ̀. Mama Nanret, ará Pankshin, ni olórí wa. Ó wò yíká, ó ní kí èmi tí mo ka ìwé girama bá wọn pín in. Èmi ni mo kéré jù láàárín wọn. Orí mi wú. Mo ní iye kan náà ni kí a san lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé ohun tó bá ti dọ́gba ti tọ́ nìyẹn.

Àpò ọjà wa kì í parí síbi ẹnu rẹ̀, o mọ̀ ọ́n. Wọ́n máa ń to pọ̀tétò kọjá ẹnu àpò, wọ́n á fi àwọ̀n àti okùn rán an yí ká, yóò yọ sókè ṣóńṣó. Òun là ń pè ní fìlà. Kò pẹ́ rárá tí fìlà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Hajia Rabi, tí ẹrù rẹ̀ pọ̀ jù lọ nínú wa, lágbára láti gba àwọn tó mọ àpò rán. Fìlà tirẹ̀ ga débi pé àwọn alábàárù ń pe ara wọn jọ kí wọ́n tó lè gbé e. Ó sọ àpò méjì di ọ̀kan, owó ọ̀kan ló sì ń san. Àwọn tí ẹrù wọn kò pọ̀, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn rán ẹnu àpò, kò mọ irú fìlà bẹ́ẹ̀ í dé. Owó wọn ń pé. Lọ́rì tó dára tí a sanwó gọbọi fún wá ń ru ju èyí tí a fi sílẹ̀ lọ. Ó kú síbi tí ọ̀nà ti ń sọ̀ kúrò lórí òkè wa, bíi ti àkọ́kọ́.

Ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Àwọn oníbàárà wa ní Ìbàdàn kọ̀, wọn ò fi nǹkan kan kún iye tí wọ́n ń rà á. Àwa náà kò fẹ́ kí ó jẹ èrè wa. A bá dín ohun tí a ń fún àgbẹ̀ kù. Àgbẹ̀ kò sì ní ẹnikẹ́ni lẹ́yìn tí yóò ti owó náà sí. Obìnrin kan wà tó máa ń ru tirẹ̀ lórí láti inú abúlé kí ó tó rí mọ́tò. A ò rí i mọ́. Nígbà tí Mama Nanret ránṣẹ́ béèrè rẹ̀, obìnrin náà ní òun ti ń fi pọ̀tétò òun bọ́ ẹlẹ́dẹ̀, pé ó sàn fún òun bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí kò fi ojú kan lọ́rì wa rí ló san owó lọ́rì.

Ibí yìí ni mo ní kí o dúró lé. Owó tí a bá dá lé ọkọ̀ kì í dúró sórí ọkọ̀. Ó ń wá ẹni tí kò lè tì í síwájú mọ́. Owó èéfín á kúrò lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀, á dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ẹrù, á kọjá ní Apápá, á bá ojú ọ̀nà bọ̀, á gun òkè wa, á wá jókòó lé irúgbìn pọ̀tétò níwájú ìsọ̀ Mama Nanret. Ibi tó bá jìnnà jù ló máa ń dé kẹ́yìn, ibẹ̀ náà ló sì máa ń pẹ́ sí.

Lọ́jọ́ tí lọ́rì kú yẹn, mo rò pé Mama Nanret yóò sọ̀rọ̀ sí mi lójú gbogbo èèyàn. Ó rìn wá síbi tí mo jókòó sí nínú ọjà, ó kí mi ní "Sannu da aiki", bí ẹni pé mo ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó gbé ọwọ́ lé fìlà àpò kan. "Mama Mofẹ́," ó ní, "o ní kí a ka àpò. Àpò gbọ́, ó dé fìlà, ó jáde wá kí wa."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Hajia Rabi ló rẹ́rìn-ín jù. Mama Nanret yíjú sí i, ó ní, "Hajia, tìrẹ kì í ṣe fìlà mọ́. Adé ni."

Ẹ̀rín yí padà. Mama Nanret wá jókòó tì mí lórí àpò, ó ní gbogbo wa la jọ gbà á, pé òun gan-an lòun ní kí n pín in. Lẹ́yìn náà ló rọra sọ ọ̀rọ̀ tí mo ń gbé kiri títí dòní: "Má ka àpò. Ka ohun tó ń pa lọ́rì. Kí o tó kà á, lọ wo ẹni tó rù ú wá láti ọ̀nà jíjìn."

Bí mo bá ń kan sáárá sí ẹnikẹ́ni láyé lẹ́yìn bàbá mi àti ìwọ, obìnrin yẹn ni. Kò sọ pé kí a padà sí lọ́rì àgbà. Kò jẹ́ kí a jà. A gbé òṣùwọ̀n wá, ẹrù tó bá wúwo san owó tó wúwo. Àwọn tí wọ́n ti ń fi ẹrù rẹpẹtẹ gun lọ́rì àgbà láti ọdún pípẹ́ fi kún tiwọn, àwọn kéékèèké bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀. Nínú ohun tó wọlé, a háyà mọ́tò kékeré tó ń wọ abúlé lọ bá àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn. Obìnrin ẹlẹ́dẹ̀ padà wá. Hajia Rabi kùn, ó tún kùn, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé ẹrù òun kò jẹrà sójú ọ̀nà mọ́, òun ló wá di ẹni tó ń ṣọ́ òṣùwọ̀n jù lọ. Bí o bá wá sọ́jà lónìí, yóò ní òun lòun dá a sílẹ̀. A kì í bá a jiyàn.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn àgbà wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ pé a lè jọ ṣe iṣẹ́ kan náà láìjẹ́ pé ọwọ́ wa ṣe ohun kan náà. Sọ ìyẹn fún wọn. Kí wọ́n ka èéfín, kí wọ́n má ka ohun tó lè dé fìlà.

Ọ̀rọ̀ àpò owó náà ńkọ́? O ní wọ́n ti ṣèlérí àpò kan fún àwọn tí kò ní. Béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Béèrè bóyá àgbẹ̀ abúlé lè mọ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, tàbí ó di ìgbà tó bá gba ẹni tó mọ̀wé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó tó wọlé. Má jẹ́ kí wọ́n fi ohun tó tọ́ sí wa yá wa. Bí ó bá sì dé ọwọ́ tiwa, kí ó má parí sí ọwọ́ àwọn ọ̀gá. Ní ẹgbẹ́ wa, ojú gbogbo èèyàn la ti ń ṣí i, pàápàá jù lọ ojú àwọn tí ìpín wọn kéré. Sọ èyí náà fún àwọn tí ẹ jọ ń lọ, kí ẹ tó dé ọ̀hún.

O sọ fún mi nípa àwọn ará erékùṣù kékeré tí òkun ń jẹ ilẹ̀ wọn, pé nínú wọn la ti rí àwọn tó ń fẹ́ kí owó èéfín ga jù lọ, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ló ń gbé oúnjẹ wọn wá. Mo ro ọ̀rọ̀ wọn nígbà tí mo ń tọ́jú ọbẹ̀, ọbẹ̀ fẹ́ẹ̀ jó mọ́ mi lọ́wọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Wá wọn rí, jókòó tì wọ́n, kí o gbọ́ tẹnu wọn. Àwọn kan yóò fẹ́ sọ ìwọ àti wọn di ọ̀tá. Má gbà. Wọ́n wà létí omi, àwa wà lórí àpáta, èéfín kan náà ló ń bá wa jà. Ẹnìkan kì í jẹ kí ilẹ̀ fẹ̀.

Ó ku ọ̀kan, òun ló sì ṣòro fún mi láti kọ. O ní wọ́n á fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Mo tẹ̀ lé lọ́rì wa dé Ìbàdàn nígbà kan kí àwa àti àwọn oníbàárà lè jọ fẹnu kò lórí iye ọjà. Mo la ẹnu, Hausa ń já wọ inú Yorùbá mi bí ó ṣe ń já wọ tìrẹ. Ọkùnrin kan níbẹ̀ ní, "Ẹ wá gbọ́ Gàm̀bàrí tó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo pa ẹnu dé. Wọ́n dá iye tó wù wọ́n lé ẹrù gbogbo wa, mo sì mọ̀ pé kò tọ́, mo ní ohun tí mo lè sọ, n kò sọ ọ́. Ẹ̀rín náà kò ju kí èèyàn mu omi tán lọ. Ohun tí ìdákẹ́ mi gbà lọ́wọ́ àwọn tó rán mi pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ mi, jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, kí o wá máa bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ. Rọra sọ ọ́. O máa ń sáré bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́.

Mú súwẹ́tà aláwọ̀ búlúù dání. Ọmọ Jos kì í bẹ̀rù otútù, ṣùgbọ́n kò ní kí o fi dánra wò. Kí àwọn tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ kí o tó kí àwọn ọ̀gá. Jẹun kí o tó sọ̀rọ̀.

Mo dá bírò dúró níbí, mo lọ rán ẹnu àpò kékeré kan tí yóò bá lẹ́tà yìí wá. Ẹ̀gbẹ́ kan ni mo tíì rán nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ wọlé: "Mọ́mì, mo ti sọ fún ọ̀gá mi pé màá sọ ọ́. N kò kàn mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ ni."

Mo gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Mo kà á, mo tún kà á. N kò tíì rí ìmọ̀ràn kankan gbà ọ́, o ti dìde. Mo rò ó pé kí n ya lẹ́tà yìí, mo wá rí i pé ìbéèrè rẹ ṣì ku ẹyọ kan.

Ti orí ihò bẹ̀rẹ̀. Sọ fún wọn pé o wá láti ibi tí ọkọ̀ òkun ti kó ohun tó fẹ́ lọ, tó fi ihò sílẹ̀. Sọ pé nínú omi ihò yẹn ni àwọn àgbẹ̀ wa ti ń fa omi rin pọ̀tétò wọn, pé irúgbìn rẹ̀ pẹ̀lú gba orí òkun wá. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á ti máa wò ọ́. Ìgbà náà ni kí o wá sọ ti àpò fún wọn.

Pọ̀tétò tó wà nínú èyí tí mo fi ránṣẹ́, kí ìwọ àti ọ̀gá rẹ jọ pín in. Mo rán ẹnu rẹ̀ pẹrẹsẹ. Kò dé fìlà.

Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ń kọ ìlà tó kẹ́yìn yìí. Aago mẹ́wàá ti kọjá díẹ̀, mo sì ti fẹ̀yìn lélẹ̀.

Èmi tí wọ́n ń pè ní ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ìyá rẹ.